Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ̀ Pé Ara Òun Ò Yá

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀bi tiwa. Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, a gbé dúróònù wa lọ sí oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Ìsẹ́yìn, láti ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ bí oko wọn ṣe tóbi tó. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Ó gbéra dáadáa, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Àfi bó ṣe ṣàdédé dorí kodò, tó já lulẹ̀ gbì sáàárín ebè. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ọpẹ́ ni. Màmá kan tó ń roko nítòsí gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá wo àfọ́kù tó wà nílẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò mọ̀ pé ara òun ò yá ni?”

A rẹ́rìn-ín. A ní, “Ẹ má bínú, Mà, ẹ̀rọ ni.” Bí ẹni pé ìdáhùn nìyẹn.

Nígbà tá a délé, tá a ṣí àkọsílẹ̀ ìrìnàjò náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Eruku ti wọ inú ẹ́ńjìnnì kẹta. Kóòdù wa ń pàṣẹ fún un pé kó túbọ̀ yára, ó tún ń fi kún àṣẹ náà, ṣùgbọ́n agbára tí ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ń mú jáde ń dín kù ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó já. Gbogbo ẹ̀rí wà nínú ikùn ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Àwa la kọ kóòdù, àwa náà la ò kọ ìbéèrè sí i.

Nítorí náà, ohun tá a fẹ́ sọ lónìí kò gùn: ẹ̀rọ tó ń fò láìsí ènìyàn nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣírò àìsàn tó ń ṣe é, nínú ara rẹ̀, nígbà tó ṣì wà lókè. Kì í ṣe lẹ́yìn tó bá já. Kì í ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá wá. Ẹni tó bá gbé dúróònù kọjá lórí ènìyàn láìfi ọgbọ́n yìí sí i, aláìbìkítà ni. Àwa náà ti jẹ aláìbìkítà rí, ìyẹn ló jẹ́ ká lẹ́nu láti sọ ọ́.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí ẹ̀rọ ti ń yẹ ara rẹ̀ wò.” Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ báwo? Ẹ wo PX4, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ dúróònù ń lò káàkiri ayé. Ó ní ibi kan tó ń ṣọ́ bóyá nǹkan ti bàjẹ́. Bí ẹ ò bá yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ kọjá díígírì 60 ni ibẹ̀ yẹn máa ń gbà pé wàhálà dé. Díígírì 60! Ẹni tó bá ti tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ń ṣubú lọ nìyẹn. Kò burú kí irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ wà, àwọn tó ṣe é ò sì pè é ní dókítà. Àwa tá a ń lò ó la sọ ọ́ di dókítà. Ìkìlọ̀ ìṣubú kì í ṣe ìmọ̀ àìsàn.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ṣe lè mọ àìsàn ara rẹ̀? Ẹ fojú inú wo ọlọ́kadà kan tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀. Ó dojú ọ̀kadà kọ ọ̀ọ́kán, ọ̀kadà ń fà sí ẹ̀gbẹ́. Ohun mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: àṣẹ tó pa fún ọ̀kadà, ohun tí ọ̀kadà ṣe, àti ìmọ̀ tó ní nípa bí ọ̀kadà tí ara rẹ̀ yá ṣe ń rìn. Àlàfo tó wà láàárín ohun tó retí àti ohun tó rí, ibẹ̀ ni àìsàn ń gbé.

Dúróònù náà ní nǹkan mẹ́ta yìí. Ó mọ àṣẹ tó pa fún ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bó ṣe ń yí àti bí ìrìn rẹ̀ ṣe ń yí padà. A sì lè kọ òfin Newton sínú rẹ̀, pé bí abẹ̀bẹ̀ bá ta báyìí, báyìí ló yẹ kí ara rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tó kù ni ká jẹ́ kó máa bi ara rẹ̀ pé: “Nínú gbogbo àìsàn tó lè ṣe mí, èwo ló lè ṣàlàyé ohun tí mo rí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì sẹ́yìn?” Bóyá ẹ́ńjìnnì kẹta ń ṣe 80 nínú 100 iṣẹ́ rẹ̀. Ó dáa, ṣé ohun tí sẹ́ńsọ̀ wí bá ìyẹn mu? 60 ńkọ́? Kò ní máa méfò o. Ìṣirò náà máa ń gbé e lọ síbi tí àlàfo ti kéré jù, bí omi òjò ṣe ń wá ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú àgbàlá. A sì máa ń mọ ọgbà yí i ká: ẹ́ńjìnnì ò lè ṣe ju 100 lọ, kò sì lè ṣe kéré sí òdo. Ìdáhùn tó bá bọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà, irọ́ ni. Bí ìròyìn tuntun bá ti wọlé, èyí tó pẹ́ jù á jáde, á sì tún un ṣírò, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù nìyí. Ẹ̀yin náà lè bi wá pé, “Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń tì í ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Afẹ́fẹ́ líle àti ẹ́ńjìnnì tó rẹ̀ lè jọra wọn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, ìlà oòrùn náà ni yóò máa ti fẹ́ bí dúróònù tilẹ̀ yíjú padà. Àìsàn ẹ́ńjìnnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: apá tó wà lára rẹ̀ ló ń bá kiri. Tí dúróònù bá yí, afẹ́fẹ́ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn lára rẹ̀, àìsàn ò ní kúrò lójú kan. Bátìrì ńkọ́? Bí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa rẹ̀ pọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń rẹ̀, ẹ má purọ́ mọ́ bátìrì. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rí wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́?

Kò sì sí ohun tuntun kankan nínú ìpìlẹ̀ ọgbọ́n yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi rí ohun kékeré kan tó ń rìn lójú ọ̀run, èyí tí a mọ̀ sí Ceres lónìí. Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi bò ó, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí. Carl Friedrich Gauss, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24, kó ìwọ̀nba ohun tí Piazzi ti kọ sílẹ̀ jọ, ó ṣírò ọ̀nà tó bá wọn mu jù lọ, kí ọdún náà tó parí ni wọ́n sì tún rí Ceres nítòsí ibi tó wí. Ní ọdún 1960, Rudolf Kalman gbé ọ̀nà kan jáde tí ẹ̀rọ fi lè máa ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ bí ìròyìn ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi darí ọkọ̀ Apollo lọ sí òṣùpá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọgbọ́n yìí ṣì jẹ́ ti iwájú, ẹ ní kó lọ jókòó. Ó dàgbà ju ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá kojú àwọn àwáwí tá a máa ń gbọ́, tí àwa náà ti ṣe rí.

Àkọ́kọ́: “Ẹ fi ẹ́ńjìnnì kún un. Dípò mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́jọ.” Ó ń ran nǹkan lọ́wọ́, a ò jiyàn. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú mẹ́jọ bá kú, tí kóòdù ò mọ èyí tó kú, á ṣì máa pín iṣẹ́ fún òkú. Lọ́dún 2014, Mark Mueller àti Raffaello D’Andrea ní ETH Zürich fi hàn pé dúróònù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin lè pàdánù abẹ̀bẹ̀ kan, méjì, kódà mẹ́ta, kó má sì já. Ńṣe ló ń yí bí òkòtó, síbẹ̀ ó ń lọ síbi tí wọ́n rán an. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Zürich àti Delft tún fi hàn pé èyí tó pàdánù abẹ̀bẹ̀ kan lè dá dúró pẹ̀lú kámẹ́rà ara rẹ̀. Ẹ wò ó: mẹ́rin tó mọ èyí tó kú nínú ara rẹ̀ lè sàn ju mẹ́jọ tí kò mọ̀ lọ. Ìmọ̀ ni wọ́n fi ń tún iṣẹ́ pín, kì í ṣe iye.

Èkejì: “Ó ní páráṣúùtì.” Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, dúróònù tó ń bá iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Switzerland ṣiṣẹ́ ṣí páráṣúùtì rẹ̀ lókè Zürich, okùn páráṣúùtì náà já, ẹ̀rọ sì wó lulẹ̀ nítòsí ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké wà. Ọlọ́run yọ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ wa ṣì: ẹ so páráṣúùtì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibi ìsádi ìkẹyìn ni. Ta ló sì máa pinnu ìgbà tó yẹ kó ṣí? Bó bá yá jù, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ lásán. Bó bá pẹ́ jù, ilẹ̀ ti dé. Ìpinnu yẹn gan-an ni ìṣirò àìsàn. Ẹ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí táwọn ọ̀gá oníbisínẹ́ẹ̀sì fẹ́ràn jù: “Ẹ kó dátà rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà, a ó máa ṣọ́ ọ láti ọ́fíìsì.” Ẹ̀yin ará, nẹ́tíwọ̀kì wo? Èyí tó ń já nígbà tá a bá ń fi fóònù kí ìyá wa? Tí nẹ́tíwọ̀kì tilẹ̀ dára bíi kí ni, ọ̀nà jíjìn ò ṣeé bẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo àpẹẹrẹ tó jìnnà jù lọ. Ingenuity, hẹlikópítà kékeré tí NASA fò nínú ayé Mars, ń ṣe ìrìnàjò kẹfà rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 54 tó ti wà lókè, àwòrán kan ṣoṣo sọnù nínú èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ ń yà. Látìgbà náà, gbogbo àwòrán tó tẹ̀ lé e ń gbé àkókò tí kì í ṣe tirẹ̀ dání. Hẹlikópítà bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ju díígírì 20 lọ. Kí ìròyìn tó rìn láti Mars dé ayé, ìṣẹ́jú púpọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè gbà á sílẹ̀. Ó balẹ̀ láyọ̀, nǹkan bíi mítà 5 sí ibi tí wọ́n rán an. Kì í ṣe pé ó mọ àìsàn rẹ̀ o. Àwọn tó ṣe é ló ti ro ibi ṣáájú, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, tí wọ́n sì ní kó má gbára lé kámẹ́rà nígbà tó bá kù díẹ̀ kó balẹ̀. Ẹ̀kọ́ tá a rí kọ́ ni pé ohunkóhun tó máa gba ẹ̀rọ tó wà lókè là, inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà kó tó gbéra. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó ń já lọ́wọ́ sáfà, ó ti tó láti já lulẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: “AI á kọ́ gbogbo ẹ̀.” A ò bá AI jà, òun la fi ń jẹun lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ nǹkan nílò àpẹẹrẹ, ta ló sì ní ẹgbẹ̀rún dúróònù tó fẹ́ fi já kí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́? Òfin Newton wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lo AI níbi tí òfin tá a mọ̀ kò bá dé. Ẹ má lò ó láti sá fún ìṣirò.

Ẹ̀karùn-ún: “Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kéré, kò lè gbé e.” Àwáwí yìí ti gbó. Ọpọlọ tó tọ́ Ingenuity sọ́nà jẹ́ Snapdragon 801, irú èyí tó wà nínú fóònù lọ́dún 2014. Nọ́ńbà tá à ń wá fún dúróònù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin kò pọ̀. Àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bíi CasADi àti acados wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè yanjú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ìwúwo. Àìráyè wa ni.

Bóyá ẹ̀ ń rò ó pé a ti ń sọ̀rọ̀ jù lórí nǹkan kékeré. Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó ń dùn wá lọ́kàn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 737 MAX ní sẹ́ńsọ̀ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún imú rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe gbé imú sókè sí afẹ́fẹ́. Sọ́fítíwíà kan wà nínú rẹ̀ tó lè ti imú ọkọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ni sọ́fítíwíà náà ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú ìrìnàjò kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọkọ̀ Lion Air kan já sínú òkun ní Indonesia, ènìyàn 189 lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2019, ti Ethiopian Airlines já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn tó gbéra ní Addis Ababa, ènìyàn 157 lọ. Nínú ọkọ̀ kejì yìí, sẹ́ńsọ̀ òsì ń wí pé nǹkan bíi díígírì 74, ti ọ̀tún ń wí pé nǹkan bíi 15. Ẹlẹ́rìí kejì wà ní ìdúró. Wọn ò pè é. Ìgbà tí wọ́n tún kóòdù náà kọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó máa fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wé ara wọn.

Pius Adésanmí wà nínú ọkọ̀ kejì yẹn. Ọmọ Ìsánlú ni, òǹkọ̀wé, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń ka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló mọ ohùn rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, ìbínú rẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń kánjú kọ kóòdù, tó ń sọ pé “sẹ́ńsọ̀ kan ti tó, ká lọ,” ẹ jẹ́ ká rántí pé bí wọ́n ṣe pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Awakọ̀ méjì ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n jà títí dé òpin, ẹ̀rọ ò gbọ́. Dúróònù ò ní awakọ̀ kankan nínú. Tí òun fúnra rẹ̀ ò bá béèrè, ta ló máa béèrè?

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ tó kù, ká má bàa dà bí oníṣègùn tó ní oògùn òun ń wo gbogbo àrùn. Ìṣirò yìí lè ṣìnà. Bí dúróònù bá ń fò jẹ́jẹ́ lójú kan, àìsàn kan lè fara pamọ́, nítorí kò tíì lo ibi tó ń dùn ún. Bí a bá yára pariwo jù, ẹ̀rọ á máa balẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹni tó ni ín á sì pa ìkìlọ̀ náà. Nítorí náà, kò tó kí ẹ̀rọ sọ pé, “Ẹ́ńjìnnì kẹta ti rẹ̀.” Ó gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe dá a lójú tó. Bí kò bá dá a lójú, kó rọra yí díẹ̀ láti tún wádìí, kó dín eré kù, kó yà kúrò lórí ọjà. Bó bá dá a lójú, kó wá ibi tó ṣófo kó sì balẹ̀ nígbà tó ṣì lágbára. Ẹ̀rọ tó lè sọ pé “n kò dájú” ṣeé fọkàn tán ju èyí tó ń fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Láti 2016 ni Zipline ti ń fi dúróònù gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Rwanda. Wọ́n dé Ghana ní 2019, wọ́n dé Kaduna ní 2022. Iṣẹ́ rere ni, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye orí tó wà lábẹ́ wọn á máa pọ̀ sí i. Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NCAA dára, ẹ lọ gbà á, ṣùgbọ́n ìwé kì í fò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra dúróònù, ẹ má béèrè bó ṣe jìnnà tó tàbí bí kámẹ́rà rẹ̀ ṣe mọ́ tó nìkan. Ẹ béèrè pé: “Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lórí ọjà, kí ni yóò ṣe, báwo ló sì ṣe máa mọ̀?” Bí ẹni tó ń tà á bá rẹ́rìn-ín, ẹ di owó yín mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù bíi tiwa, ẹ fi ìbéèrè náà sínú iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fi àwọ̀ àti iná mèremère sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, àwa ni àgbà ọjà, bí irùngbọ̀n wa ò tilẹ̀ tíì funfun.

Dúróònù wa tuntun ti ń ṣe ìṣirò yìí. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó balẹ̀ ní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan, ó ní ẹ́ńjìnnì kejì ń ṣe nǹkan bíi 70 nínú 100. A tú u wò. Fọ́nrán irun àti eruku ló ti lọ́ mọ́ ọ̀pá rẹ̀. A nù ún, a dá a padà, ó tún gbéra.

Màmá, ẹ má bínú pé a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè yín ló tọ̀nà. Kò mọ̀, nítorí pé a ò kọ́ ọ.